Bí mo ṣe fi ìtànṣán gamma wá Òfàdà onígi kúkúrú ní Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ

Òfàdà dùn, ó ń ta sánsán, àmọ́ igi rẹ̀ ga jù. Bí ìjì bá jà nígbà tó ń gbó, ilẹ̀ ló ń wó sí. Igi kúkúrú ni mò ń wá. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí: ìtànṣán gamma, ìtànṣán alágbára tó ń yí àbùdá irúgbìn padà, ni wọ́n fi rí Calrose 76, ìrẹsì kúkúrú tó jáde ní California lọ́dún 1976.

Omi inú irúgbìn ni mo kọ́kọ́ mójú tó, torí òun ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Irúgbìn tó gbẹ jù máa ń fara gbọgbẹ́ ju èyí tó ní omi díẹ̀ lára lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n ìtànṣán kan náà ni wọ́n gbà. Sísá sóòrùn nìkan kò sì lè mú wọn dọ́gba. Mo po ìdá 60 glycerol, olómi kíki kan, mọ́ ìdá 40 omi sínú ike tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin, mo gbé irúgbìn kọ́ sókè rẹ̀ nínú àpò aláwọ̀n, kò kan omi náà, títí omi inú wọn fi wà láàárín 12 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Kíá ni mo lẹ̀ wọ́n pa sínú ọ̀rá.

Ẹ̀rọ Cobalt-60, ohun tó ń tan ìtànṣán gamma, wà ní Sheda, l'Ábùjá. Agbára Cobalt-60 ń dín sí ìdajì láàárín ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀, nítorí náà, ẹ má ṣe lo ìṣirò àkókò ti ọdún tó kọjá. Àwọn tí oko wa jọ pààlà béèrè bóyá májèlé ni. Rárá o. Ìtànṣán náà kọjá lára irúgbìn ni, kò dúró síbẹ̀. Ọwọ́ lásán la fi gbìn ín.

Mo kọ́kọ́ dán 0, 100, 200, 300, 400 àti 500 Gy wò (Gy, ìyẹn gray, ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tí irúgbìn gbà). Ẹ má fi híhù ṣe òdiwọ̀n: èyí tó gba ìtànṣán púpọ̀ ṣì lè hù, kó wá dúró sójú kan. Gíga ọ̀gbìn ní ọjọ́ kẹrìnlá ni mo fi rúlà wọ̀n. Ibi tí gíga ti dín ní 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni à ń wá. Tiwa bọ́ sí nǹkan bí 250 Gy, òun ni mo fi ṣe irúgbìn 3,000.

Ní ìran kìíní, mo gbìn wọ́n súnmọ́ra kí wọ́n má baà yọ ẹ̀ka púpọ̀, mo sì ta àwọ̀n bò wọ́n nítorí ẹ̀ga. Ẹ má ṣa igi kúkúrú kankan níbẹ̀! Ọgbẹ́ ìtànṣán ló sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di ràrá. Ìyípadà tó ń sọ igi di kúkúrú sábà máa ń fara pamọ́ títí di ìran kejì. Ṣírí àkọ́kọ́ lára igi kọ̀ọ̀kan ni mo gé, mo kó ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àpò tirẹ̀.

Ìran kejì ni iṣẹ́ gan-an. Ṣírí kan, ebè kan. Lẹ́yìn ebè mẹ́wàá-mẹ́wàá, mo gbin Òfàdà tí kò rí ìtànṣán, kí n lè fi wé wọn. Àwọn ọ̀gbìn kan hù ní funfun báláú láti ìdí dé orí ewé, wọ́n sì kú nígbà tí oúnjẹ inú irúgbìn wọn tán. Inú mi dùn sí wọn, torí àmì ni pé ìtànṣán wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo so okùn pupa mọ́ àwọn kúkúrú.

Ní ìran kẹta, ebè tí gbogbo ọmọ rẹ̀ bá kúrú ni mo mú. Mo sì se díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí Òfàdà tí kò bá ta sánsán mọ́, kò sẹ́ni tó máa rà á lọ́jà.