Àwọn àṣìṣe tó ń sọ oníbàárà kan ṣoṣo di mẹ́ta nínú dátábéèsì

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan pè wá lórí fóònù, inú ń bí i. Ó ní òun ti san gbogbo gbèsè òun tán, síbẹ̀ lẹ́tà ń dé pé òun ṣì jẹ owó. Mo ṣí dátábéèsì tí èmi fúnra mi ṣe, ìyẹn ibi tí a ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà sí nínú kọ̀ǹpútà, mo tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ó jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbèsè wà lábẹ́ àkọsílẹ̀ kìn-ín-ní, owó tó san wà lábẹ́ èkejì, nọ́ńbà fóònù tó ń lò báyìí wà lábẹ́ ẹ̀kẹta. Kò sí ẹni tó jalè, kò sì sí ẹni tó ṣe ìmẹ́lẹ́. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló kọ orúkọ ẹnì kan náà wọlé ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fọ́ọ̀mù tí mo ṣe kò sì sọ fún ìkankan nínú wọn pé ẹni yìí ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fara balẹ̀ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe ìkìlọ̀ àdàkọ sínú fọ́ọ̀mù wọn, ìyẹn ìkìlọ̀ tó ń sọ pé a ti kọ ẹni yìí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe kan náà ló ń padà wá. Microsoft Access, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe dátábéèsì àti fọ́ọ̀mù, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kan Access kan gbogbo ibi tí èèyàn ti ń kọ orúkọ èèyàn sínú kọ̀ǹpútà.

Má fi orúkọ ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan náà ni

Àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù lọ. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù á ní kí kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀ bí orúkọ àti orúkọ ìdílé bá ti wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà bá wá, òṣìṣẹ́ kò ní rọ́nà gbà. Oníbàárà ń dúró, kò lè dá a padà sílé torí orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á kọ "2" sẹ́yìn orúkọ náà, tàbí kó fi àmì ìdánudúró kan sí i, kọ̀ǹpútà á sì gbà. Láti ìgbà náà lọ, orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ti bàjẹ́ nínú ìwé yín, ẹni tó bá sì tún wá a lọ́la kò ní rí i.

Àwọn kan á ní kí a fi ọjọ́ ìbí kún un. Ó ṣèrànwọ́, kò tó. Ẹ wo àwọn ìbejì: orúkọ ìdílé kan, ọjọ́ ìbí kan, àdírẹ́sì kan, fóònù òbí kan náà. Ẹ wo bàbá àti ọmọ tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan, tí wọ́n sì jọ ń gbé inú ilé kan.

Ní 1969, Ivan Fellegi àti Alan Sunter, àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Kánádà, gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣì ń tẹ̀ lé. Àwọn méjèèjì kò fi ìdáhùn mọ sórí bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀ka mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: ẹnì kan náà ni, ẹnì kan náà kọ́, àti àárín, níbi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tí mo rí kò ní ẹ̀ka àárín yìí rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni orúkọ tó jọra máa ń bọ́ sí. Bí orúkọ bá jọra, kìlọ̀. Má kọ̀.

Má gbàgbé pé kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé "Bọ́lá" àti "Bola" lè jẹ́ ẹnì kan

Ojú wa máa ń tún nǹkan ṣe fún wa láìsọ. Ti kọ̀ǹpútà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àlàfo kan lẹ́yìn orúkọ lè tó láti sọ ọ́ di orúkọ mìíràn. Ní ti èdè tiwa, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà "ọ́" tí ẹ ń wò yìí, ó ju ọ̀nà kan lọ tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀ ní Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà onírúurú èdè: ó lè mú "ọ" kó fi àmì òkè lé e, ó sì lè mú "ó" kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú, ìkan náà ni. Nínú dátábéèsì, bí a bá kàn fi wọ́n wéra bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Òṣìṣẹ́ méjì lè fi ìṣọ́ra kọ Bọ́lá pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ìkìlọ̀ má sì jáde.

Ohun tó yẹ ni kí a ní àyè méjì: ọ̀kan fún orúkọ bí oníbàárà ṣe ń kọ ọ́, tí a kò ní fọwọ́ kàn, èkejì fún ìwádìí nìkan. Nínú èyí tó wà fún ìwádìí, a ti yọ àlàfo iwájú àti ẹ̀yìn, a ti sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, a ti yọ àmì kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ dá àmì náà sí, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìlànà kan tó ń jẹ́ NFC, tó ń sọ onírúurú ọ̀nà tí a gbà tọ́jú lẹ́tà kan di ẹyọ kan, kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn tó rí ìṣòro yìí, tí wọ́n wá fòfin de àmì lórí orúkọ oníbàárà. Orúkọ oníbàárà kì í ṣe ẹrù wa tí a lè gé kó lè bá àpótí wa mu.

Nọ́ńbà fóònù náà ní ti ẹ̀. Ẹnì kan á fi òdo bẹ̀rẹ̀, ẹnì kejì á fi àmì ìròpọ̀ àti nọ́ńbà orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kẹta á fi àlàfo sáàárín. Ìlànà àgbáyé kan wà tó ń jẹ́ E.164: nọ́ńbà orílẹ̀-èdè, kí nọ́ńbà oníbàárà tẹ̀ lé e, kí gbogbo rẹ̀ má ju dígíìtì 15 lọ. Ẹ sọ gbogbo nọ́ńbà di irú èyí kó tó wọlé. Kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe bí iye, nítorí iye kì í ní òdo níwájú. Ẹni tó bá ti ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ nínú Excel rí á ti rí bí òdo àkọ́kọ́ ṣe ń pòórá.

Má jẹ́ kí ìkìlọ̀ pẹ́ kó tó dé

Ní Access, BeforeUpdate, ìyẹn kóòdù (àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà) tó ń ṣiṣẹ́ kí àkọsílẹ̀ tó wọlé, ni ibi tí ìwádìí yẹ kó wà, torí pé níbẹ̀ ni a ti lè dá ìfipamọ́ dúró. AfterUpdate ti pẹ́ jù, àkọsílẹ̀ ti wọlé. Ṣùgbọ́n ìpẹ́ mìíràn tún wà tí kóòdù kò lè fi hàn yín. Bí òṣìṣẹ́ bá ti kọ orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí àti gbogbo ìyókù, tó wá tẹ bọ́tìnnì ìfipamọ́, kí a tó wá sọ fún un pé ẹni yìí ti wà, ó ti rẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ kò ní gbà pé kó da iṣẹ́ yẹn nù. Á wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ ìkìlọ̀ náà kọjá.

Ẹ gbé fóònù tàbí ímeèlì sí òkè fọ́ọ̀mù, kí ìwádìí wáyé bó bá ti ń kúrò ní àyè yẹn. Èyí tó tún dára jù ni pé kí fọ́ọ̀mù má tilẹ̀ ṣí fún oníbàárà tuntun àyàfi tí òṣìṣẹ́ bá ti kọ́kọ́ wá a.

Ohun kékeré méjì tó ń ba ìwádìí jẹ́

Èkíní: fọ́ọ̀mù tó ń ka ara rẹ̀ mọ́ àdàkọ. Òṣìṣẹ́ ṣí àkọsílẹ̀ àtijọ́, ó tún àdírẹ́sì kan ṣe, ìkìlọ̀ yọ pé oníbàárà yìí ti wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà, òun náà ni ó ń wò! Ẹ yọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ àkọsílẹ̀ tó wà lójú kúrò nínú ohun tí DCount, àṣẹ Access tó ń ka iye àkọsílẹ̀ tó bá ìwádìí mu, ń kà. Èkejì: orúkọ bíi O'Brien. Àmì tó wà láàárín rẹ̀ yóò fọ́ gbólóhùn ìwádìí tí a bá kàn so mọ́ra, àṣìṣe á sì jáde dípò ìdáhùn. Ẹ lo parameter, ìyẹn ni pé kí ẹ fi orúkọ náà ránṣẹ́ lọ́tọ̀ dípò kí ẹ so ó mọ́ gbólóhùn ìwádìí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ihò yẹn kan náà ni olè ń gbà wọlé sínú dátábéèsì.

Má fi gbogbo ẹrù lé fọ́ọ̀mù lórí

Òṣìṣẹ́ méjì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Oníbàárà tuntun kan ti kọ ímeèlì sí ọ̀kan, ó sì ń bá èkejì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àwọn méjèèjì ń kọ orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù ẹni àkọ́kọ́ béèrè bóyá ímeèlì náà wà: kò sí. Ti ẹnì kejì béèrè: kò sí, torí ti ẹni àkọ́kọ́ kò tíì wọlé. Àwọn méjèèjì fi í pamọ́. Fọ́ọ̀mù kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, àdàkọ sì ti dé.

Kò sí bí ẹ ṣe lè kọ kóòdù fọ́ọ̀mù dáadáa tó tí yóò dí àyè yìí. Àtẹ tí dátà wà nínú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́, ìyẹn ni pé kí unique index (òfin tí kì í jẹ́ kí ohun kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì) wà lórí ohun tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo: ímeèlì tí ẹni náà fi ń wọ àkáǹtì rẹ̀, tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún un. Fóònù kò sí lára wọn, ìdílé kan lè máa lo ẹyọ kan. Ní Access, ẹ yan "Yes (No Duplicates)" níbi Indexed. Ìkìlọ̀ wà fún òṣìṣẹ́ kó má bàa ṣòfò àkókò. Index ni ìlẹ̀kùn tó tì.

Nígbà tí ìlẹ̀kùn náà bá kọ̀, Access á gbé àṣìṣe 3022 jáde pẹ̀lú àlàyé gbọọrọ tí kò yé ẹnikẹ́ni tí kì í kọ kóòdù. Ẹ mú un ní Form_Error, ibi tí fọ́ọ̀mù ti ń gba àṣìṣe, kí ẹ sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tó yé èèyàn. Nínú àwọn ètò dátábéèsì mìíràn, PostgreSQL ń pe tirẹ̀ ní 23505, MySQL ń pe é ní 1062.

Index yìí náà ló ń ṣọ́ dátà tó gba ibòmíràn wọlé. Fáìlì tí ẹnì kan kó wọlé lálẹ́ kì í gba ojú fọ́ọ̀mù kọjá rárá.

Ẹ ṣọ́ra fún àyè òfìfo o. Lábẹ́ unique index, PostgreSQL gba kí òfìfo pọ̀ bó ṣe wù kó pọ̀, SQL Server kì í gba ju ẹyọ kan lọ àyàfi tí ẹ bá ṣe filtered index, ìyẹn index tí ẹ ní kó fo àyè òfìfo. Bí ẹ bá sì sọ fóònù di dandan fún ẹni tí kò ní fóònù, òṣìṣẹ́ yóò kọ òdo jànrànjanran síbẹ̀, gbogbo àwọn tí kò ní fóònù á wá di àdàkọ ara wọn.

Má kọ ìkìlọ̀ tí kò sọ nǹkan kan

"Àkọsílẹ̀ yìí ti wà. OK." Ìkìlọ̀ tí èmi náà kọ́kọ́ kọ nìyẹn, ó sì dùn mí pé mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ wo? Ta ni? Kí ni kí òṣìṣẹ́ ṣe báyìí? Ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn nílò láti rí orúkọ ẹni tó ti wà, ìparí nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ìgbà tó rajà kẹ́yìn, kó lè bi ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, kí bọ́tìnnì sọ ohun tí yóò ṣe: "Ṣí àkọsílẹ̀ tó ti wà", "Ẹlòmíràn ni, tẹ̀síwájú", "Padà". Ẹ jẹ́ kí àkọ́kọ́ rọrùn jù láti tẹ̀. Ẹni tó bá sì tẹ èkejì, ẹ tọ́jú orúkọ òṣìṣẹ́ náà àti ọjọ́ náà, kì í ṣe láti fìyà jẹ ẹ́, kí ẹ lè mọ ibi tí ìkìlọ̀ yín ti ń ṣì í lọ́nà ni.

Bí ìkìlọ̀ bá ń yọ ní gbogbo ìgbà, ọwọ́ á mọ́ ọn lára láti máa tẹ OK láìkà á. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ dín in kù títí èyí tó bá yọ á fi tó ohun tí a ń dúró kà.

Bí fọ́ọ̀mù náà bá wà níta fún gbogbo ayé, ẹ má fi ẹni tó ti wà han ẹnikẹ́ni. Ẹ tilẹ̀ má sọ pé ímeèlì náà ti wà. Ẹ ránṣẹ́ sí ímeèlì náà, ẹni tó ni ín á rí i.

Má pa èyí tó "pọ̀ jù" rẹ́

Ẹni tó bá rí àdàkọ, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn ni pé kó pa ọ̀kan rẹ́. Bí cascade delete bá wà lórí ìsopọ̀ àwọn àtẹ, gbogbo ìwé owó àti ọjà tó wà lábẹ́ àkọsílẹ̀ yẹn á bá a lọ láìsí ariwo. Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ìwé owó àti ọjà náà lọ sábẹ́ àkọsílẹ̀ tí ẹ fẹ́ dá sí, kí ẹ fi àyè kọ̀ọ̀kan wéra, kí ẹ yan èyí tó jẹ́ tuntun, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyókù. Èyí tí ẹ kò lò mọ́, ẹ má yọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ kúrò pátápátá. Ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ tí yóò tọ́ka sí èyí tó kù, torí nọ́ńbà àtijọ́ ṣì wà lórí lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ oníbàárà.

Ti obìnrin yẹn gbà mí ní odidi ọ̀sán kan. Mo kó owó tó san àti gbèsè rẹ̀ sábẹ́ àkọsílẹ̀ kan, wọ́n sì pa ara wọn dé òdo. Mo pè é padà lórí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀kẹta, mo tọrọ àforíjì, mo ka gbogbo ọjọ́ tó sanwó fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, títí mo fi kà á tán.