Bí a ṣe ń wá owó fún àṣíborí sáìtì tó gba híjáàbù

Bíríkìlà ni mí n'Íkòròdú, híjáàbù kì í kúrò lórí mi. Àṣíborí tí wọ́n ń kó wá sí sáìtì kì í jókòó lé e, ṣe ló ń yọ̀. Báńdéèjì ọmọ iṣẹ́ mi tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí lórí kò tiẹ̀ gba inú rẹ̀ rárá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá owó láti ṣe àṣíborí tó máa gba irú wa, ẹ kọ́kọ́ wọn orí. Téèpù télọ̀ ni mo fi wọn ti èèyàn mẹ́wàá, pẹ̀lú ìborí àti láìsí ìborí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹni tó fẹ́ fowó sílẹ̀ máa bi yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé okùn inú àṣíborí kó lè fẹ̀! Òun ló ń gba agbára ohun tó bá já lu orí. Nínú EN 397, ìlànà Yúróòpù fún àṣíborí iṣẹ́, irin kílò 5 ni wọ́n ń jù lé e láti òkè mítà 1. Ẹ fi owó irú àyẹ̀wò yẹn sínú ìṣirò yín.

LASRIC, ìgbìmọ̀ ìjọba Èkó lórí ìwádìí sáyẹ́ǹsì, máa ń fún àwọn tó ń ṣe ohun tuntun lówó; ẹ máa ṣọ́ ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìwé ìbéèrè. Owó tí LSETF, àpò owó ìjọba Èkó fún ìpèsè iṣẹ́, ń yáni ní tiẹ̀, sísan ni o. Kẹ́ ẹ tó kọ̀wé, ẹ wá olùkọ́ ẹnjiníà kan ní LASUSTECH, yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba Èkó n'Íkòròdú níbí, kó bá yín yẹ àwòrán àṣíborí tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe wò.