Bí ẹ ṣe lè múra ọmọ sílẹ̀ fún ọjọ́ ọ̀la láti inú ilé, láìdúró de ilé-ìwé

Bí a bá dárúkọ ẹ̀kọ́ ìgbàlódé, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ sí ọ̀pọ̀ òbí lọ́kàn ni tábúlẹ́ẹ̀tì, kíláàsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, àti orúkọ òyìnbó gàgàrà lára pátákó ìta. Owó ńlá ni gbogbo ìyẹn. Ọmọ sì lè ní i tán kó má lè ka ojú-ewé kan kó sọ ohun tó kà. Tèmi ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ lè kàwé kó yé e, kó lè béèrè ọ̀rọ̀, kó sì lè fi ohun tó mọ̀ ṣe nǹkan tójú rí. Ẹ̀rọ ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Òbí tó ní fóònù kan, tó sì lè ya ààbọ̀ wákàtí sọ́tọ̀ lójúmọ́, lè ṣe é níhìn-ín l'Óṣogbo. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí ọmọ dúró sí gan-an

Ẹ gbé ìwé èsì ìdánwò tì ná. Pé ọmọ gba ipò kẹta kò sọ bóyá ó lè kàwé. Ohun tó sọ ni pé ẹni méjì ló ṣe jù ú lọ.

Ẹ mú bébà kan ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tí kò sí ìkánjú, kí ẹgba má sì sí nítòsí. Ẹ kọ lẹ́tà márùn-ún sí i: gb, ṣ, ẹ, k, ọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tí ọmọ mọ̀ sábẹ́ rẹ̀: ilé, ọbẹ̀, àgbàdo, bàtà, iṣu. Lẹ́yìn náà, gbólóhùn kéékèèké mẹ́rin: “Bísí gbé garawa. Ó lọ sí odò. Ó pọn omi kún un. Ó gbé e wá sílé.” Èyí tó kẹ́yìn ni ìtàn kúkúrú, bíi gbólóhùn mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, tí nǹkan ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó bá ti ń dúró, tó ń wo ojú yín, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kódà bó bá wà ní kíláàsì karùn-ún.

Tó bá ka ìtàn náà tán, ẹ má bi í ní “ta ni?” àti “níbo?” nìkan. Ẹ bi í pé, “Kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀?” Ẹ tún bi í pé, “Ká ní ìwọ ni, kí lò bá ṣe?” Àwọn ọmọ tó ń kàwé geere tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń kà pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Fún ìṣirò, ọjà ni kí ẹ fi dán an wò: “Mo mú 2,000 náírà lọ sí Ọjà Ọba. Mo ra ẹ̀fọ́ 700 náírà, mo ra iyọ̀ 350 náírà. Ṣéńjì èló ni mo máa mú bọ̀?” Tó bá ní 950, ẹ ní kó ṣàlàyé bó ṣe rí i. Ẹni tó ro owó méjèèjì pọ̀ kó tó yọ ọ́ gbà á, ẹni tó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan náà gbà á. Èyí tó mú ìdáhùn wá tí kò lè sọ ọ̀nà tó gbà ni kí ẹ jókòó tì.

Àjọ kan ní ilẹ̀ Íńdíà tó ń jẹ́ Pratham ló sọ irú àyẹ̀wò báyìí di ohun tí ayé mọ̀. Apá kan nínú ọjọ́, wọn kì í wo kíláàsì tí ọmọ wà. Ohun tó lè kà ni wọ́n fi ń kó wọn jọ, àwọn tó ṣì ń dá lẹ́tà mọ̀ lọ́tọ̀, àwọn tó ti ń ka gbólóhùn lọ́tọ̀. Ẹ tọ́jú bébà tiyín, ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ tún un ṣe nígbà tí sáà bá parí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ jẹ́ kó yé e ní Yorùbá

Mo mọ̀ pé ibí ni àwọn kan á ti bá mi jà. Àwọn ilé-ìwé kan wà tí ọmọ ti ń jìyà tó bá sọ Yorùbá, àwọn òbí ló sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn jù.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ tó gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn ọmọ kejì fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán gbogbo wọn wò, àwọn tó fi Yorùbá kàwé ló ṣe dáadáa jù, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ohun tí ẹ máa ṣe kò le. Tí ọmọ bá ti bọ́ aṣọ ilé-ìwé, tó ti jẹun, ẹ ní kó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun kan tí wọ́n kọ́ ọ lónìí. Tó bá jẹ́ photosynthesis ni, kó sọ pé ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Tó bá kàn ń ké gbólóhùn inú ìwé jáde bó ṣe wà níbẹ̀, ó há a sórí ni. Ẹ má bínú. Ẹ bi í pé tí a bá da garawa dé koríko fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i? Kó lọ dán an wò ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá àgbà tí kò kàwé wúlò gan-an fún iṣẹ́ yìí o, torí àwọn kì í díbọ́n pé ó yé àwọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ní kó pa ìwé dé

Àkàtúnkà kì í jẹ́ kí nǹkan pẹ́ lórí. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ ìgbàgbé láti ọdún 1885: kíá ni ohun tuntun ń fò lọ, ṣùgbọ́n tí a bá ń padà sí i lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀, ó ń dúró sí i. Kí ọmọ pa ìwé dé, kó kọ ohun tó rántí. Kó tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, kó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: iṣẹ́ ìwádìí kan ní sáà kan

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò sí jù, torí ìlú wa ní ohun tí owó ilé-ìwé ńlá kò lè rà. Ẹ wá ìbéèrè kan tó wà ládùúgbò, kí ọmọ fi odidi sáà tọpinpin rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi aró ṣe àpẹẹrẹ, ìlú aró ṣáà ni wá.

Ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ màmá aláró tó ṣì ń lo ewé èlú, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, kó tọrọ àyè láti wo iṣẹ́. Kó wo aṣọ bó ṣe ń jáde nínú ìkòkò. Àwọ̀ tó ń gbé jáde jọ ti ewé tó fẹ́ pọ́n. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló ń di búlúù lójú ẹni. Kí ló fà á? Ẹ má tíì sọ fún un. Kó kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, kó bi màmá, kó bi tísà sáyẹ́ǹsì, kó wá fi ìdáhùn méjèèjì wéra. (Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń yí i padà. Òun náà ló wà nídìí irin tó ń dípẹtà.) Ìbéèrè mìíràn á tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀: kí ni omi eérú ń wá nínú ìkòkò? Láìsí i, aró ò ní yòrò kó wọ aṣọ lára. Kẹ́mísírì tí wọ́n máa há sórí ní girama àgbà ti wà nínú ìkòkò yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣirò. Èló ni yáàdì aṣọ funfun? Èló ni ohun èlò? Ọjọ́ mélòó ni iṣẹ́ náà gbà, èló ni wọ́n ń tà á, kí ló sì kù lọ́wọ́? Kó fa ìlà sínú ìwé, kó to wọ́n. Tó bá tán, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àdìrẹ oníko kékeré lórí àlòkù aṣọ funfun: kó di òkúta wẹ́wẹ́ sínú aṣọ, kó fi okùn so ó le. Kí wọ́n tó rì í, kó kọ́kọ́ ya àwòrán ohun tó rò pé á jáde. Nígbà tó bá tú u, kó fi èyí tó jáde wé èyí tó yà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwòrán méjèèjì ni kó ṣàlàyé.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláró òde òní ló ń lo àwọn kẹ́míkà bíi caustic soda àti hydrosulphite. Caustic soda ń bó ara, ó sì lè ba ojú jẹ́. Kí ọmọ dúró lẹ́yìn. Àgbàlagbà tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni kó ri aṣọ.

Nígbà tí sáà bá ń parí, kó dúró níwájú ará ilé, kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ ohun tó rí, kó sì kọ ojú-ewé kan lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bi í ní ìbéèrè. Níbi tí kò bá ti mọ̀, kó sọ pé òun ò mọ̀, kó sì sọ ibi tí òun máa wá a sí.

Ẹni tó bá rò pé eré ọmọdé nìyí, kó rántí àwọn ọdún 1960. Dúró Ládìípọ̀, gbajúmọ̀ òṣèré, àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì, dá Mbari Mbayo, ojúkò àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ nílùú yìí lọ́dún 1962. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò lọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà rí gba ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, wọ́n sì ṣe tinú wọn. Jimoh Buraimoh ń bójú tó iná orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ eré Ládìípọ̀ ni. Twins Seven-Seven, ijó ló ń jó. Àwọn méjèèjì di ẹni tí ayé ń wá iṣẹ́ wọn.

Bí aró kò bá wu ọmọ, ìbéèrè ò tán. Ta ló ń pinnu iye owó gààrí l'Ọ́jà Ọba? Kí ló dé tí omi odò Ọ̀ṣun fi pọ́n? Báwo ni iná ìjọba ṣe ń ti ìsédò Kainji dé ilé wa? (Òṣogbo yìí kúkú ni ibi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Ẹ má bi mí ní ìbéèrè kejì.)

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kọ̀ǹpútà

Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB ti ń ṣe UTME, ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì, ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì. Ẹ pín in: ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Ọmọ tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ló kọ́kọ́ di máúsì mú ti pàdánù àkókò kó tó ka ìbéèrè àkọ́kọ́. Tó bá ti wọ girama, kó máa lo wákàtí kan lọ́sẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń tẹ̀wé lágbègbè Ọláìyá tàbí Òkè-Fíà lè gba owó díẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kó jókòó. Kó kọ́ bí a ṣe ń fi gbogbo ìka tẹ̀wé.

Àwọn tó wà ní girama àgbà lọ́dún 2013 á rántí Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gómìnà Ọ̀ṣun nígbà náà, pín. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ló wà nínú rẹ̀, ẹni tí kò ní dátà náà lè lò ó. Ẹ lo ọgbọ́n yẹn: ọjọ́ tí iná àti dátà bá wà, ẹ gba nǹkan sórí ẹ̀rọ sílẹ̀. Scratch, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, tí àwọn ará yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2007, ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹ bá ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè lè fi sọ ìtàn Ìjàpá kan, kí Ìjàpá rìn, kó sọ̀rọ̀, kó já bọ́. Tí Ìjàpá bá kọ̀ tí kò rìn, ẹ má bá a tún un ṣe. Kó wá ibi tó ti ṣì í.

Ní ti AI bíi ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò sí lára àwọn tí wọ́n gbà láàyè láti lò ó. Ẹni tó ti tó bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí bébà, kó tó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ pé ibo ló kù sí. Kó sì máa yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wò. Kó bi í pé ta ló tẹ Òṣogbo dó, kó wá lọ bá àgbà kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kó gbọ́ ìtàn Láròóyè àti Tìmẹ́hìn, kó wo ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti yàtọ̀. Ẹ̀rọ náà a máa purọ́ láìṣẹ́jú. Kó má fi orúkọ kíkún, àdírẹ́sì ilé tàbí fọ́tò tó wọ aṣọ ilé-ìwé sí i.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: ẹ lọ rí tísà

Ẹ mú bébà ìgbésẹ̀ kìíní dání, kì í ṣe láti bá wọn jà. Tísà tó ní ọmọ rẹpẹtẹ ní kíláàsì lè má mọ̀ pé gbólóhùn kejì ni ọmọ yín ti ń dúró. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe nílé, kí ẹ béèrè èyí tí àwọn náà lè fi kún un. Tí ẹ bá tún àyẹ̀wò náà ṣe ní ìparí sáà, tí ọmọ kò sì kúrò níbi tó wà, ẹ má tíì sáré san owó lẹ́sìnnì. Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò.