Bẹ́ẹ ṣe máa pààlà ilẹ̀ tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà n'Ífẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé tí wọ́n bá ti gba rìsíìtì lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí tó talẹ̀ fún wọn, ó parí nìyẹn, wọ́n á gbalé lọ, ó di ọdún kẹta kí wọ́n tó padà wá, wọ́n á wá bá fẹ́ǹsì ẹlòmíì nínú ilẹ̀ tiwọn. Tẹ́ẹ bá ti sanwó tán, yálà Ẹdẹ Ròòdù ni o tàbí Oǹdó Ròòdù, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni kẹ́ẹ pààlà ẹ̀, torí àsìkò yẹn lẹni tó tà á fún yín ṣì ń gbé kọ́ọ̀lù yín.

Ẹ má dá lọ o. Ẹ mú aṣojú mọ̀lẹ́bí tó talẹ̀ dání (tó bá jẹ́ olórí ẹbí fúnra ẹ̀, ó dáa jù), sọ́fíyọ̀, ọmọkùnrin méjì tó mọ àdá lò, àti àwọn tó bá yín pààlà lọ́tùn-ún, lósì àti lẹ́yìn. Lójú tèmi, àwọn tó bá yín pààlà yìí ló ṣe pàtàkì jù, wọ́n ju sọ́fíyọ̀ lọ. Tí bàbá olóko kòkó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀ yín bá ti dúró ti èèkàn, tẹ́ẹ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wò ó, ṣé ibi táa kàn án mọ́ yìí ò wọ tiyín?", tí wọ́n sì ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kò ní rọrùn fún ọmọ wọn láti wá bá yín fa nǹkan kan lọ́jọ́ iwájú. Ẹ gbé mínírà dání, kò kí ń ná èèyàn ní nǹkan kan.

Kí wọ́n kọ́kọ́ la ọ̀nà tóóró yí ilẹ̀ náà ká, ẹ ò nílò láti ṣán gbogbo ẹ̀. Àmọ́ kẹ́ẹ tó jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin yẹn fọwọ́ kan àdá, ẹ kìlọ̀ fún wọn pé tí wọ́n bá rí pèrègún, kí wọ́n má gé e. Pèrègún tó dá dúró láàárín igbó lè jẹ́ ààlà táwọn bàbá ńlá mọ̀lẹ́bí yẹn gbìn, ẹ bá ge ẹlẹ́rìí yín dànù nìyẹn.

Ó wá kan sọ́fíyọ̀. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ SURCON (ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń fún àwọn sọ́fíyọ̀ láṣẹ) ni kẹ́ẹ lò, kì í ṣe bọ̀ọ̀dá kan tó ní téépù. Nọ́ńbà tó wà lórí pláànù (ìwé tí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ yín sí) ló máa fi ẹ̀rọ ẹ̀ wá igun kọ̀ọ̀kan, ó máa kan èèkàn mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n tipẹ́, tẹ́ẹ wá rí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lórí pláànù yẹn, ẹ má tìtorí ẹ̀ pè é ní ayédèrú, 1991 ni Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára Ọ̀yọ́. Àwọn kan máa ń tẹ nọ́ńbà yẹn sínú fóònù kí Google Maps máa mú wọn lọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Níta gbangba, GPS fóònù lè fi mítà mélòó kan ṣìnà, lábẹ́ igi ó tún burú jùyẹn lọ, tó bá wá jẹ́ pé Minna datum (ìlànà tí wọ́n fi ń ka nọ́ńbà ibi tí nǹkan wà ní Nàìjíríà) ni wọ́n fi ya pláànù yín, tó sì jẹ́ WGS84, ìlànà míì tí GPS ń lò, ni fóònù ń lò, inú oko ẹlòmíì ló máa gbé yín dúró sí.

Tó bá kan èèkàn tán, ẹ̀yin náà ẹ fa téépù yín. Púlọ́ọ̀tì tí wọ́n sábà ń tà níbí ni 50 báì 100 ẹsẹ̀ bàtà, mítà ni pláànù sì máa ń lò, ìyẹn 15.24 àti 30.48. Kẹ́ẹ má sì wá wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan kẹ́ẹ máa lọ, torí ilẹ̀ lè pé ní ẹ̀gbẹ́ kó tún wọ́. Ẹ fa téépù láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, kẹ́ẹ tún wọn ti ìkejì. Tí igun ẹ̀ bá gún régé, méjèèjì á dọ́gba, tó bá sì jẹ́ 50 báì 100, á tó ẹsẹ̀ bàtà 111 àti nǹkan bí íńṣì 9 ààbọ̀. Tẹ́ẹ bá fẹ́ yẹ igun kan ṣoṣo wò, ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 sí apá kan àti 4 sí apá kejì, orí kan sí ìkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ 5 géérégé. Àmọ́ ẹ kíyè sí i o, ilẹ̀ wa níbí ń gùn ó ń sọ̀, tẹ́ẹ bá tẹ́ téépù sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, iye tẹ́ẹ máa rí á pọ̀ ju tinú pláànù lọ, torí náà ẹ gbé e dọ́gba, kẹ́nì kan gbé tiẹ̀ sókè. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ tí ò ní igun mẹ́rin, pláànù nìkan lẹ lè tẹ̀ lé.

Èèkàn igi ò lè pẹ́, ikán á jẹ ẹ́. Bíkìn, ìyẹn òpó kọnkéré kékeré tó ń fi ààlà hàn, ni kí sọ́fíyọ̀ rì mọ́lẹ̀, tó ní nọ́ńbà lórí, kó wọlẹ̀ dáadáa kí orí ẹ̀ nìkan yọ díẹ̀.

Níbi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ ihò yẹn, Ifẹ̀ lẹ wà o. Àwọn tó ń gbẹ́ fáńdéṣọ̀n ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ló bá àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn pàdé. Tí ṣọ́bìrì bá kan àpáàdì tí wọ́n tò dáadáa tàbí ère, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kẹ́ẹ lọ sọ ní mùsíọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin.

Láàárín bíkìn kan sí ìkejì, ẹ gbin pèrègún, ẹ gé e kó gùn tó apá èèyàn, kẹ́ẹ rì í lásìkò òjò, kì í ṣòroó hù. Ẹni tówó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ lè fi búlọ́ọ̀kù mọ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó ṣáà jẹ́ inú ilẹ̀ yín lẹ mọ ọ́n sí, kó má jókòó lé orí ìlà.

Kí gbogbo wọn tó túká, ẹ ya fọ́tò àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíkìn kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà ẹ̀ hàn, kẹ́ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sáìn ìwé tó ní déètì. Tí òjò ńlá bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ padà lọ wò ó, èyí tí àgbàrá bá ti fọ ìdí ẹ̀, ẹ tètè pe sọ́fíyọ̀ yín kó tó wó.