Tábìlì wo ló yẹ kó o jókòó sí tó o bá fẹ́ gòkè nínú póókà orí íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àbúrò tó ń ta póókà lórí fóònù ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń jẹ ní tábìlì kékeré, ṣé kí n bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e?" Èmi náà á bi wọ́n padà pé èló ló wà nínú owó póókà ẹ báyìí, èló lo sì lè pàdánù nínú ẹ̀ tó ò ní lọ yáwó. Ibẹ̀ lẹnu ti máa ń wọ́ díẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ́ ní sẹ́fà. NL (No Limit) ni tábìlì tí kò sí òpin sí iye tó o lè fi ta, nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀ sì ni owó ìjókòó tó kún, ìyẹn iye tó o máa gbé jókòó sí tábìlì. NL2, blind ẹ̀ (owó tí ẹni méjì máa ń gbé sílẹ̀ dandan kí wọ́n tó pín káàdì) jẹ́ sẹ́ǹtì 1 àti 2, èyí tó tóbi ni big blind, owó ìjókòó tó kún sì jẹ́ big blind 100, ìyẹn yúrò 2. NL5 jẹ́ yúrò 5, NL10 jẹ́ 10, NL25 jẹ́ 25, bó ṣe ń lọ nìyẹn (tí sáìtì tìẹ bá ń lo dọ́là, ìyẹn máa ń lọ sókè sódò, tún un ṣírò). Yúrò 1 sì rèé, sẹ́fà 655.957 ni, kì í yí. Nítorí náà NL2 jẹ́ bíi 1,300 sẹ́fà, NL5 bíi 3,300, NL10 bíi 6,600, NL25 sì ti wọ 16,400. Ní sẹ́fà ni kó o kọ ọ́ sílẹ̀ o, torí "yúrò 25" kì í dún bí owó létí, àmọ́ 16,400, o mọ ohun tíyẹn máa rà lọ́jà Ouando.

Owó póókà gbọ́dọ̀ dá wà lọ́tọ̀. Owó àjọ, owó ilé, owó ìwé àwọn ọmọ, kò sí ìkankan tó gbọ́dọ̀ bá a pàdé. Lẹ́yìn ìyẹn, iye tí mo máa ń sọ ni owó ìjókòó 30 fún tábìlì tó o bá fẹ́ máa gbé: NL2 yúrò 60, NL5 yúrò 150, NL10 yúrò 300, ìyẹn sún mọ́ 197,000 sẹ́fà. Tó bá jẹ́ tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́fà lò ń ta tó o sì máa ń gbóná, ṣe é ní 40 tàbí 50. Tọ́námẹ́ǹtì tiẹ̀ tún burú jùyẹn lọ, 100 kì í ṣe àṣejù, torí èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún, o sì lè pẹ́ gan-an kó o tó rí nǹkan gidi gbà.

Kí ló dé tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Wò ó, ẹni tó bá ń jẹ big blind 5 nínú ọwọ́ 100 (ìgbà kan tí wọ́n bá pín káàdì ni ọwọ́ kan), ó mọ̀ ọ́n ta gan-an nìyẹn. Àmọ́ owó ẹ̀ máa ń fì sókè sódò tó bíi big blind 90 nínú ọwọ́ 100 yẹn kan náà. Tó bá ta ọwọ́ 10,000, èrè tó yẹ kó rí jẹ́ 500, fífì yẹn sì ti di 900, ìyẹn ni pé ó lè fi 400 gbèsè dìde níbẹ̀ láìṣẹ̀ láìrò, kì í sì í ṣe àjẹ́ ilé ló ṣe é. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta náà lè bá fífì yẹn jẹ, kó máa rò pé òun ti di ọ̀gá. Lórí fóònù, tábìlì kan ṣoṣo, wàá rí bíi ọwọ́ 70 ní wákàtí kan, nítorí náà ọwọ́ 10,000 ju wákàtí 140 lọ, ẹni tó bá ń sọ fún mi pé òun jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kàn máa ń kí i kú oríire ni.

Gígòkè fúnra ẹ̀ rèé. Ibi tí wàá ti sọ̀ kalẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ká ní o wà ní NL5, owó ẹ ti di yúrò 200, o fẹ́ tọ́ NL10 wò kó tó pé 300. Kò burú. Yọ owó ìjókòó mẹ́ta sọ́tọ̀, yúrò 30. Tó bá lọ, o padà sí NL5 lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, 170 ṣì wà lọ́wọ́ ẹ, owó ìjókòó 34 nìyẹn ní NL5, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ẹni tó máa dáràn ni ẹni tó fi ìkẹrin lé e torí inú ń bí i.

Chris Ferguson, atápóókà ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006 láìfi owó kankan sílẹ̀, títí ó fi dé 10,000 dọ́là. Òfin ẹ̀: kò ní fi ju ìdá 5 nínú 100 owó ẹ̀ jókòó sí tábìlì, tọ́námẹ́ǹtì ńlá ìdá 2, tí owó iwájú ẹ̀ bá sì ju ìdá 10 lọ ní tábìlì, ó máa dìde. Lójú tèmi ìdá 5 yẹn ṣì gbóná, owó ìjókòó 20 péré ni.

Àwọn tẹ́ ẹ jọ jókòó tún ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà tábìlì lọ. NL10 tí ẹni mẹ́ta kàn ń san blind wọlé láìgbé e sókè, tí ọ̀kan ní big blind 37 níwájú tí kò fi kún un, ó dáa ju NL5 tí gbogbo wọn ní 100 géérégé lọ. Alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni irú ẹ̀ máa ń pọ̀, nígbà tí àwọn ará Yúróòpù bá ti ibi iṣẹ́ dé: aago wa àti ti Paris dọ́gba nígbà òtútù wọn, nígbà ooru wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa. Má sì gbàgbé owó tí sáìtì ń yọ nínú ohun tẹ́ ẹ fi ń ta, ní tábìlì kéékèèké ló ti ń jẹun jù, èrè tín-ínrín ní NL2 kì í ṣe ìtìjú.

Tábìlì tuntun, ọ̀kan ṣoṣo ni kó o ṣí, kí fóònù kún, kí dátà wà, torí tí nẹ́tíwọ̀kì bá já ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà tí owó ẹ wà láàárín, aago á kàn máa lọ ni, wọ́n á sì bá ẹ sọ káàdì nù.

Tó o bá yọ owó sí MoMo, tún iye ìjókòó kà lójú ẹsẹ̀. O ní 310, o wà ní NL10, o yọ 120 fún nǹkan ilé, 190 ló kù: NL5 ni ilé ẹ báyìí.