Bí Ẹ Ṣe Máa Gba Léésà Glaucoma Tí Ojú Yín Bá Dúdú

Nọ́ọ̀sì ojú ni mí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ léésà ni mo sì máa ń dúró sí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tójú rẹ̀ dúdú mọ̀ kó tó jókòó ni pé agbára léésà tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀.

Glaucoma ni àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, ìfúnpá inú ojú tó ga ló sì sábà máa ń dá a sílẹ̀. Léésà SLT, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú irú glaucoma tí ẹnu ọ̀nà tí omi inú ojú ń gbà jáde ṣì ṣí, melanin ló ń wá lọ, ìyẹn èròjà tó ń mú ojú àti awọ ara dúdú. Bí aṣọ dúdú ṣe ń fa ooru oòrùn ju funfun lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí melanin pọ̀ sí ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ náà. Tí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù, ìfúnpá ojú lè fò sókè dípò kó wálẹ̀.

Ẹ bi dókítà pé agbára mélòó ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 0.4 millijoule (ìwọ̀n agbára léésà) tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì máa wo ìhó wẹ́wẹ́ tó ń yọ nínú ojú kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kí wọ́n fi kún un tàbí kí wọ́n dín in kù. Àwọn mìíràn á ṣe ìdajì lónìí, ìdajì dọjọ́ mìíràn. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù fún ojú tí glaucoma ti bà jẹ́ gan-an.

Ẹ kán oògùn glaucoma yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àfi tí dókítà bá ní kí ẹ má kán an. Ẹ mú ẹnì kan dání, torí ojú máa ń ṣe bàìbàì lẹ́yìn náà, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ wakọ̀.

A ó kán oògùn tí kò ní jẹ́ kójú mọ ìrora, àti èyí tó ń dènà kí ìfúnpá fò sókè, bíi brimonidine. Ẹ ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, ẹ ó fi iwájú orí ti bẹ́líìtì rẹ̀. Dókítà á gbé gíláàsì kékeré kan lé ẹyinjú yín. Ó máa ń tutù. Ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé á máa kọ mànà, ẹ̀rọ á máa dún tá, tá. Iwájú orí máa ń yẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn fura. Ìdí tí mo ṣe ń fọwọ́ di ìpàkọ́ yín mú nìyẹn. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú 10 lọ lójú kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ sílé. A gbọ́dọ̀ tún ìfúnpá yín wọ̀n lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 1. Ojú lè pọ́n, kó máa ta yín díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ń dùn yín gidigidi, tí èébì ń gbé yín, tàbí tí ẹ ń rí òṣùmàrè yí iná ká, ẹ padà wá lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó jẹ́ òru.

Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló máa ń gbà ká tó mọ bó ṣe ṣiṣẹ́ tó. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kilimanjaro, ní Tanzania, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, SLT ṣì kẹ́sẹ járí lẹ́yìn ọdún kan nínú ojú 61 nínú 100. Ti timolol, oògùn glaucoma tí wọ́n ń kán sójú, jẹ́ 31. Inú mi dùn sí èsì yẹn, torí ojú dúdú ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹ má fúnra yín dá oògùn dúró o. Léésà kì í dá ìríran tó ti lọ padà, èyí tó kù ló ń dáàbò bò. Agbára rẹ̀ máa ń dín kù lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n sì lè tún un ṣe, torí náà ẹ máa lọ wọn ìfúnpá ojú yín nígbàkigbà tí dókítà bá dá.