Bí A Ṣe Lè Gba Orin Àpàlà Sílẹ̀ Bíi Ti Àwo Kékeré Ọdún 1960 sí 1969

Ẹni tó bá fẹ́ gba àpàlà sílẹ̀ bíi ti ìgbà yẹn lónìí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú Hárúnà Ìṣọ̀lá, gbajúgbajà olórin àpàlà, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé àwo orin kékeré, tó ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan, kì í sábà gbà ju bí ìṣẹ́jú 3 lọ lójú kan. Nítorí náà, ẹ má fi ìlù lásán jẹ àkókò. Ègbè tí ẹ fẹ́ kí ará ọjà máa kọ lọ sílé gbọ́dọ̀ ti dé kí ìṣẹ́jú kan tó pé.

Ohùn ọ̀rọ̀ ni kó máa darí ìró orin. Bí ẹ bá kọ “ọkọ̀ mi dé”, tí ìró orin sì gbé ìparí “ọkọ̀” sókè, ọkọ́ tí a fi ń roko ni olùgbọ́ yóò gbọ́. Èmi a máa ka ọ̀rọ̀ náà sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó wá orin sí i.

Makirofóònù kan ṣoṣo tó. Ibi tí kálukú dúró sí ni ẹ ó fi wọn ohùn: olórin yóò sún mọ́ ọn, àgídìgbo yóò wà nítòsí rẹ̀, elégbè yóò bọ́ sẹ́yìn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yóò sì jìnnà jù, nítorí pé ariwo rẹ̀ a máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀. Bí ẹnìkan bá ṣìṣe, gbogbo yín ni yóò tún un bẹ̀rẹ̀. Bí orin bá sì parí, kí ẹnikẹ́ni má mira títí ìró agogo ìkẹyìn yóò fi kú pátápátá.